Epo Ọ̀pẹ, Epo Ilẹ̀, Epo Àtọwọ́dá

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ àti ohun tí a ń rà sínú ọkọ̀: epo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan a máa fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀, wọn a ní Yorùbá kò lọ́rọ̀ tó. Èmi kò gbà. Epo inú ìkòkò ni ó kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ kí epo abẹ́ ilẹ̀ tó dé, ìjà tí àwọn mẹkáníìkì wa sì ń jà lónìí lórí ọ́ìlì àdáyébá àti ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì kò ṣẹ̀yìn ìtàn náà.

Ọ̀ràn ọ̀hún kan ilé wa. Ní ọdún tó kọjá, àbúrò bàbá mi ra ọkọ̀ àlòkù kan. Mẹkáníìkì rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ti da ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì sí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ padà sí èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé. Bí ó bá padà, ẹ́ńjìnnì yóò kú. Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì wọ́n ju èkejì lọ, owó oṣù ẹni náà kò sì tó nǹkan. Ó wá bi mí, èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè, bí ẹni pé ìwé kan náà ni gbogbo ìwé. Mo lọ wá ìdí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa di ọjà pàtàkì tí àwọn oníṣòwò Liverpool ń wá sí etíkun wa. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n sì ń fi pa ẹ̀rọ. Nígbà tí rélùwéè tàn ká ilẹ̀ wọn, wọn a máa po epo pupa mọ́ ọ̀rá ẹran, sódà àti omi, wọn a fi pa ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì sì nawọ́ ìjọba sí ìsàlẹ̀ Odò Ọya ní 1885, Oil Rivers ni wọ́n sọ agbègbè náà, èyíinì ni àwọn odò elépo. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó di 1956 kí wọ́n tó kan epo rọ̀bì ní Olóìbírì.

Ṣùgbọ́n epo igi ní àléébù. Bí iná bá ń mú un lójoojúmọ́, a máa kan, a sì máa lẹ̀ mọ́ irin bí oje igi. Ẹni tó bá ti fọ agbada alákàrà rí mọ ohun tí mo ń wí. Nítorí náà, nígbà tí Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní 1859, ìgbà epo igi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sópin. Kò lọ tán lẹ́ẹ̀kan náà ṣá o. Nínú ogun 1914 sí 1918, òróró èso làrà ni wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú, nítorí kì í fẹ́ pò mọ́ pẹtiróòlù. Ẹ́ńjìnnì a máa tú u sí afẹ́fẹ́, awakọ̀ a sì fà á símú. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi òróró làrà fọ inú yín ní kékeré lè fojú inú wo ìyókù.

Epo ilẹ̀ náà kò ṣàì ní àbùkù tirẹ̀. Ọ́ìlì tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì dà bí ẹ̀wà tí a kò ṣà: ẹyọ ńlá, ẹyọ kékeré, àti ìdọ̀tí díẹ̀. Òtútù a mú un dì, ooru a mú un ṣàn jù. Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì ni èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ọwọ́ so ẹyọ rẹ̀ pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi tọkàntọkàn lépa iṣẹ́ yìí, nítorí èédú pọ̀ níbẹ̀, epo rọ̀bì kò pọ̀. Ní 1925, Franz Fischer àti Hans Tropsch rí ọ̀nà tí a lè gbà sọ gáàsì inú èédú di epo. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọn wọ Rọ́ṣíà ní 1941, òtútù sọ ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì di bí ọ̀rá tútù; Hermann Zorn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní ester. Irú ester bẹ́ẹ̀ ni ó di ọ́ìlì ọkọ̀ òfurufú jẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ogun. Albert Amatuzio, awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ni ó wá rò ó pé ohun tó gba ẹ̀rọ inú òfurufú là lè gba ti ilẹ̀ là. Ní 1972, ọ́ìlì rẹ̀, AMSOIL, ni síńtẹ́tíìkì àkọ́kọ́ tó bá òṣùwọ̀n American Petroleum Institute fún ọkọ̀ mu. Ní 1973 epo rọ̀bì gbówó lórí káàkiri ayé, ní 1974 Mobil 1 sì jáde.

Ibí ni ẹ̀rù mẹkáníìkì wa ti wá, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Rọ́bà ni ọ́ìlì síìlì. Ọ́ìlì àdáyébá a máa mú rọ́bà wú díẹ̀. Síńtẹ́tíìkì ìgbà náà a máa mú un súnkì. Ẹni tó bá yí padà nígbà náà lè bá ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn tó ń ṣe é wá po ester mọ́ ọn, èyí tí ń mú rọ́bà wú, àléébù náà sì kúrò. Irú kan tún wà, polyglycol, tí kò bá ọ́ìlì àdáyébá pò rárá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni a ń tà sínú ọkọ̀ wa lónìí. Àwọn méjèèjì tí a ń tà pò mọ́ ara wọn dáadáa: àdàlù wọn gan-an ni ohun tí wọ́n kọ semi-synthetic sí lára. Ènìyàn lè lọ, ó sì lè bọ̀, bí nọ́ńbà ọ́ìlì náà bá ti bá ìwé ọkọ̀ mu, tí ẹni tó padà sí àdáyébá sì ń tètè pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ìyípadà kì í ṣe èèwọ̀ o. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí tó dí ojú ihò ni ọ́ìlì tuntun fọ̀ kúrò.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá. Castrol ta ọ́ìlì kan nígbà kan rí, Syntec, tí wọn kò fi ọwọ́ so ẹyọ rẹ̀ pọ̀ mọ́. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi háídírójìn àti ooru líle tún ṣe títí ìṣe rẹ̀ fi jọ ti àtọwọ́dá. Mobil fi ẹjọ́ sùn pé irọ́ ni orúkọ náà. Àwọn tó ń dájọ́ ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, National Advertising Division, dá a ní 1999 pé Castrol lè máa pè é ní síńtẹ́tíìkì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gba ìtumọ̀ tuntun, kì í sì í ṣe àwọn onímọ̀ èdè ni wọ́n fún un. Ẹni tó san owó gọbọi ní Ìbàdàn lónìí lè máa gbé epo rọ̀bì tí a tún ṣe lọ sílé. N kò sọ pé kò dára: ó ń fara da ooru gósílóò ju ọ́ìlì lásán lọ.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, a sì jọ lọ sí ọjà. Mo gbé agolo kan tí wọ́n kọ fully synthetic sí lára, mo bi ọlọ́jà bóyá inú gáàsì ni wọ́n ti ṣe é tàbí inú epo rọ̀bì. Ó wò mí, ó yíjú sí àbúrò bàbá mi, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ọmọ yín fẹ́ ra ọ́ìlì yìí ni, àbí ó fẹ́ fi ṣaya?”