Láti Bọ́lẹ̀kájà dé Ọkọ̀ Ẹlẹ́rọ-Méjì: Ìtàn Mọ́tò àti Epo ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa bi ara wọn pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Èsì mi kò gùn. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ orúkọ wò, kí n sì máa wádìí ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó sọ nǹkan lórúkọ; ó sì ṣòro láti rí ohun tí àwọn èèyàn wa sọ lórúkọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yìí bí wọ́n ti sọ mọ́tò. Láti inú àwọn orúkọ wọ̀nyí ni mo ti fẹ́ dé ibi tí mo ń lọ, èyí tí í ṣe ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ jáde ní Jàpáànù, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Ṣáínà, pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ èrò tí kì í mu epo púpọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ yẹ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí rélùwéè kúrò ní Èkó tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Ṣágámù, tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kan kóra jọ tẹ̀ dó lábẹ́ Akárìgbò ní 1872, kò rí ojú irin. Orí ni a fi ń ru ẹrù, lẹ́yìn náà mọ́tò dé, òun ni ó sì ń gbé obì tí ó sọ àwọn Hausa di ará ilé wa ní Sábó. Ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn gba Ìkòròdú, ó gba Ṣágámù. Nígbà tí a sì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ ní 1978, ẹ̀bá Ṣágámù náà ni ọ̀nà tí ó lọ sí Bìní ti pàdé rẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ pàápàá, kí ó tó di agbẹjọ́rò, ra kòkó, ó fi mọ́tò ṣòwò ní àwọn ọdún 1930, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò. A kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Bọ́lẹ̀kájà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Ìjà èrò àti ọmọ ọkọ̀ ni ó bí orúkọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí jù ni bí a ti ń kan ọkọ̀ ọ̀hún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Bedford àti Austin ti ń wá, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ lásán ni ó sábà ń dé: ẹ́ńjìnnì, táyà, ìdarí, àti irin gígùn tí a ó gbé ara lé. Káfíńtà ìlú wa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí ó ń to bẹ́ńṣì sínú rẹ̀, tí akunlé sì ń kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Oníṣòwò ìhín kò fẹ́ ọkọ̀ tí ó wà fún èrò nìkan, kò sì fẹ́ èyí tí ó wà fún ẹrù nìkan. Ó fẹ́ èyí tí yóò gbé ìyá alóbì àti àpò obì rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ gbọ́, wọ́n ta egungun fún un. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tí ń wí pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gbọ́ ti ọjà kékeré. Wọ́n ti gbọ́ rí.

Danfó dé, mọ́luẹ̀ dé, tí wọ́n ń kan ara rẹ̀ sórí egungun Mercedes 911. N kò ní dúró lórí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n n kò lè fo Ìjàpá. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto ni gbogbo ìlú ń pè bẹ́ẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ni wọ́n wò. Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Ìjàpá inú àlọ́, ọkọ Yánníbo, ọ̀jẹun ni, nígbà tí èyí tí ń rìn lójú títì kì í jẹun tó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ní oṣù kejìlá 1975 kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé nígbà tí yóò bá fi di 1985, àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tà, bí a bá dà wọ́n pọ̀ tí a ṣírò wọn, gbọ́dọ̀ máa rin máìlì 27.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ọ̀wọ́n epo 1973 sí 1974 ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ọ̀wọ́n kan náà ni ó sọ àwa di ọlọ́rọ̀. Owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin, owó Údójì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, olùkọ́ tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú mọ́tò. Ìjọba wa ní kí Peugeot àti Volkswagen máa fi ohun èlò tí a ṣe nílé kún iṣẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ìbéèrè tí ó dára sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó bi wọ́n léèrè iye epo tí ọkọ̀ wọn yóò máa mu. Ta ni ń ka epo nígbà náà? Ní 1982, kọ́bọ̀ 20 ni lítà kan. Ní 1986, kọ́bọ̀ 39.5.

Àwọn awakọ̀ ń kà á o. Kò sí gáréèjì tí a kì í ti gbọ́ ọ, pé ọkọ̀ báyìí ń mu epo bí ẹni mu omi. Ìdájọ́ wà lẹ́nu wọn, kò dé inú ìwé àdéhùn.

Ní 1986 kan náà ni SAP dé, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò tó. Tòkunbọ̀ gba ojú títì. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé ni. Orúkọ ìfẹ́ ni, kí a tó fi pe ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ ti dín kù. Ohun tí ará Amẹ́ríkà bá rà lónìí ni mẹkáníìkì Ṣágámù yóò máa tú palẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti súnmọ́ 1,000 náírà ní Èkó. Páìpù tí ń gbé epo láti Atlas Cove lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin gba Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù kọjá, ṣùgbọ́n iyẹn kò dín kọ́bọ̀ kan kù fún wa.

Ní àkókò náà ni mo wọ Sienna kan ní gáréèjì Ṣágámù, mo ń lọ sí Ìbàdàn. Mo jókòó níwájú. Níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awakọ̀ á yọ jíà sí fírì, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ. Níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú wa, á pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà kan wà tí ó pa á lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an. Mo bá a wí, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bíréèkì àti ìdarí kì í rọrùn láti lò mọ́. Wọlé Ṣóyínká, tí Ìsarà Rẹ́mọ jẹ́ ìlú bàbá rẹ̀, kọ The Road ní 1965, ó sì di alága àkọ́kọ́ fún àjọ ààbò ojú pópó ní 1988. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó jókòó sí àyè mi, ìbáwí rẹ̀ ìbá le ju tèmi lọ. Ọmọkùnrin náà ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Bí mo bá jẹ́ kó máa mu, kí ni mo fẹ́ mú délé?”

Ohun tí ó ń fi ẹ̀mí wa ṣe yìí ni ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní hybrid ń ṣe láìsí ewu. Ẹ̀rọ méjì ni ó ní: ọ̀kan ń lo bẹntiróòlù, èkejì ń lo iná bátìrì. Bí ọkọ̀ bá dúró, ti bẹntiróòlù á kú fúnra rẹ̀, bíréèkì kò sì ní daṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá tẹ bíréèkì, tàbí tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, agbára tí ìbá ṣòfò di iná, ó wọ inú bátìrì, òun ni yóò sì ti ọkọ̀ nígbà tí ó bá tún fẹ́ gbéra. Ní oṣù kejìlá 1997 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí ta Prius, tí í ṣe irú rẹ̀, ní Jàpáànù. Kò di dandan kí a ki wáyà iná bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ńlá sì nìyí ní ìlú tí a kì í mọ ìgbà tí iná yóò dé.

Mo mọ̀ pé gáàsì ni ìjọba yàn. Ìjọba àpapọ̀ dá ètò CNG sílẹ̀ ní 2023, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì gbé bọ́ọ̀sì onígáàsì jáde ní ọdún yẹn. N kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n gáàsì ń fẹ́ ibùdó tirẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ-méjì kò fẹ́ ju ilé epo tí ó ti wà ní Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí Sienna. Láti èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2021 ni Toyota kò ti ta irú mìíràn ní Amẹ́ríkà àfi ẹlẹ́rọ-méjì. Òṣùwọ̀n ìjọba ibẹ̀ fi í sí nǹkan bí kìlómítà 15 lórí lítà kan. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ wà ní nǹkan bí 9. Láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó jẹ́ bí kìlómítà 127, ti àtijọ́ yóò mu lítà 14, tuntun yóò mu 8 àtààbọ̀. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, 5,500 náírà ni yóò ṣẹ́kù sọ́wọ́ awakọ̀ lórí ìrìnàjò kan. Bí ọ̀nà bá dá, ìyàtọ̀ náà lè dín. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ó lè lé sí i.

Ọkọ̀ yẹn ń bọ̀ wá bá wa, bí a pè é, bí a kò pè é. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé bátìrì tí ó ti ń kú lọ ni yóò gbé wá, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní bí a ti ń fọwọ́ kan iná tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pé kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tòkunbọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọlọ́lá ni mo ń tọrọ. Bọ́ọ̀sì èrò ni, irú èyí tí ń ná Ṣágámù sí Bìní, kí wọ́n ṣe é ní ẹlẹ́rọ-méjì, kí wọ́n máa tò ó nílé bí wọ́n ti ṣe ní 1975, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa. Ní 2020 àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fohùn ṣọ̀kan lórí irú epo àti irú ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó máa wọ ẹkùn wa. Ìjọba lè gba ibẹ̀ béèrè ohun tí a gbàgbé láti béèrè nígbà ọlà.

Kí a tó dé Ìbàdàn, mo ṣàlàyé ọkọ̀ yìí fún awakọ̀ mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, “Bàbá, tí bátìrì yẹn bá kú ní Ṣágámù, ta ni yóò bá wa tún un ṣe, eélòó ni yóò sì gbà?” Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa bá kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, bí mo ti dábàá rẹ̀, ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ kí ó ṣáájú tèmi.