Ìlà Mẹ́rin fún Ará Ilé

Server kékeré kan wà nínú pálọ̀ Màmá mi ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Raspberry Pi 4 ni, a so dísìkì kan mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni àwòrán inú fóònù gbogbo ẹbí ń lọ ní òròòru, ibẹ̀ náà sì ni fíìmù àti ìwé ilé wà. Kò ní ojú tí èèyàn lè wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe gbọ́dọ̀ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ inú rẹ̀, kó tẹ àṣẹ. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, èmi nìkan ni wọ́n sì máa ń pè. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jókòó tì í láti fi síkírìnì LCD kékeré sí i. Àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fúnra rẹ̀ àti aago tó wà lára àwọn àwòrán tí àbúrò mi yà ni mo fi tò bí ọjọ́ náà ṣe lọ.

Aago 6:40 àárọ̀

Kí a tó fọwọ́ kan wáyà kankan, mo kọ ohun tí síkírìnì yóò máa sọ sórí bébà: àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bó ṣe gbóná tó, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, iye ọjọ́ tó ti wà ní títàn. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú nǹkan yìí máa ń kọ nìyẹn. Màmá gba bébà náà, wọ́n wò ó títí.

"Tí mo bá rí i pé ó gbóná dé 61, kí ni n ó ṣe sí i?"

"Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe sí i, Màmá. Tó bá gbóná dé 80, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀."

"Ta wá ni síkírìnì náà wà fún, ìwọ tí o kì í gbélé àbí àwa tá a wà ńlé?"

Mo ya bébà mìíràn. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ pè mí. Mẹ́ta ni wọ́n kà: ṣé iná ìjọba là ń lò àbí ti inverter; ṣé bátìrì á gbé wa di ilẹ̀ mọ́; ṣé àwòrán àwọn ọmọ ti wọlé. Kò sí ooru níbẹ̀, kò sí àdírẹ́sì. Láti orí bébà kejì yìí ni iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Aago 8:15 àárọ̀

A tú páálí sórí tábìlì. Síkírìnì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìlà mẹ́rin ló ní, lẹ́tà 20 ló sì ń gbà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 80 péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Chip tó ń darí irú rẹ̀ ni HD44780, tí Hitachi ṣe ní àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989. Àwọn àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ chip náà nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ síkírìnì onílẹ́tà ṣì ń gbọ́ títí dòní, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe wọ́n.

Ẹsẹ̀ 16 ló ní. Ṣùgbọ́n pátákó kékeré kan ti wà lẹ́yìn tiwa, PCF8574 ni chip orí rẹ̀, òun ló sọ wáyà tí a nílò di mẹ́rin: ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún ilẹ̀, méjì fún ọ̀rọ̀. I2C ni wọ́n ń pe ọ̀nà wáyà méjì yìí, Philips ló gbé e jáde ní 1982. Bí ilé ṣe máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ títì kan náà ni ẹ̀rọ púpọ̀ ṣe lè wà lórí rẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀.

Aago 9:30 àárọ̀

Mo tẹ àṣẹ kí server pa ara rẹ̀, a dúró títí iná aláwọ̀ ewé fi kú. Èèyàn kì í ṣáà fa wáyà yọ lára ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì, nítorí ohun tó ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́.

Ẹsẹ̀ kejì lára Raspberry Pi ló ń fúnni ní fóltì 5, ẹ̀kẹfà ni ilẹ̀, ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún ni wáyà ọ̀rọ̀. Ibi wáyà ọ̀rọ̀ ni ìṣọ́ra wà. Fóltì 3.3 ni ẹsẹ̀ Pi lè gbà, bẹ́ẹ̀ ni pátákó ẹ̀yìn síkírìnì ń fa àwọn wáyà náà lọ sókè sí 5. Bí a bá sì fún PCF8574 ní fóltì 5, ohun tí kò bá tó 3.5 kò dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, a fi ẹ̀rọ kékeré tó ń pààrọ̀ ìwọ̀n fóltì sáàárín wọn.

"Bọ̀dá mi, mo ti rí ẹni tó so ó tààrà o," ni àbúrò mi wí. "Kò jóná."

"Kò tíì jóná ni."

Aago 10:20 àárọ̀

A tan iná. Síkírìnì mọ́lẹ̀, búlúù, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Àṣẹ i2cdetect fi 27 hàn láàárín tábìlì nọ́ńbà, ìyẹn ni pé server ti ń rí síkírìnì náà lórí wáyà. Ohun tó kù ni síkúrù tín-ínrín kan tó wà lẹ́yìn pátákó. Àbúrò mi fi ọ̀bẹ kékeré yí i díẹ̀díẹ̀, àpótí funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ìlà kìíní àti ìkẹta. Bí síkírìnì tí kò tíì gba àṣẹ kankan ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ohun tí síkúrù náà ń ṣe tọ́ sí àlàyé. Láàárín gíláàsì méjì ni ohun olómi kan wà tí ìtò inú rẹ̀ dà bíi ti ohun líle. Iná ń yí ìtò náà padà, ìyẹn ló sì ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà kọjá àti ibi tí yóò ti dúró. Síkúrù ń sọ bí iná náà ṣe máa lágbára tó. Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ọmọ Austria, ló kọ́kọ́ kíyè sí irú ohun bẹ́ẹ̀ ní Prague ní 1888, nígbà tó ń yọ́ nǹkan kan tó ti inú kárọ́ọ̀tì jáde. Ó yọ́ di olómi tó dà rú ní ooru 145.5, kò sì mọ́ gaara títí ó fi dé 178.5. Ó di 1968 kí RCA tó fi ìmọ̀ yìí ṣe ojú ìwòran níta gbangba ní Amẹ́ríkà.

Aago 11:30 àárọ̀

Python ni a fi kọ ètò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ RPLCD. Nínú chip HD44780, ìlà kìíní àti ìkẹta jẹ́ okùn kan ṣoṣo tí wọ́n gé sí méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì àti ìkẹrin. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn ju lẹ́tà 20 lọ lórí ìlà kìíní kì í bọ́ sí ìlà kejì, ìlà kẹta ló ń fò lọ. Nítorí náà, a pinnu pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ rárá.

Aago 12:45 ọ̀sán

Ibí ni a ti pẹ́ jù lọ. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́ mọ́ chip náà ní A sí Z, ó ní nọ́ńbà, ó tún ní lẹ́tà Katakana ti àwọn ará Japan. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò sì ní àmì ohùn kankan. Ṣùgbọ́n ó fi àyè mẹ́jọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ya lẹ́tà tirẹ̀, tótó 5 ní ìbú, 8 ní òró.

Ìlà kẹjọ nìkan ló wà fún tótó abẹ́. Bí a bá fi ẹ síbi tí e máa ń wà, tótó náà á lẹ̀ mọ́ ọn. A gbé e sókè ní ìlà kan kí àlàfo lè wà. Àmì ohùn wọ ìlà méjì òkè dáadáa. Lẹ́tà tó ní àmì lókè, tó tún ní tótó nísàlẹ̀, kò ráyè mí, nítorí náà a yẹra fún ọ̀rọ̀ tó bá ní irú rẹ̀.

Àyè mẹ́jọ péré fún gbogbo ohun tí síkírìnì náà máa sọ! A kọ, a pa rẹ́, a ń ka lẹ́tà lórí ìka. Nígbà tí a parí, ẹ, ọ, á, à, ó, ò, é àti ì ló wọlé. Ṣ kò rí àyè. Gbólóhùn tí wọ́n gbé jáde nìyí: "Iná ti wà láti 2:20" tàbí "Iná ti lọ láti 10:45", tó pé 20 gééré, "Bátìrì 12.4V ó tó" tàbí "Bátìrì 11.9V ẹ pa TV", "Gbogbo àwòrán ti dé" tàbí "Aago 2: àwòrán kò dé". Ìlà kẹrin kò ní sọ nǹkan kan, àfi tí dísìkì bá fẹ́ kún. Nígbà yẹn ni "Ibi òfìfo: 90GB" á yọ, kí wọ́n lè pè mí.

Aago 2:20 ọ̀sán

Iná tó lọ láàárọ̀ dé, ó bá wa nídìí iṣẹ́ àtimọ̀ bóyá iná wà. A mú ṣájà fóònù àtijọ́ kan, a tì í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter kì í fún ní iná. Fóltì 5 tó ń jáde níbẹ̀ ń tan iná wẹ́wẹ́ kan nínú chip PC817. Ojú kan nínú chip náà ń rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ó sì ń sọ fún server. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín wọn, kò sí wáyà tó so iná ilé mọ́ ẹ̀rọ.

Bátìrì gba ọgbọ́n mìíràn. Nígbà tó bá ń gba iná, ó lè dé fóltì 14.4, èyí tó lè pa Pi. Resistor méjì, 47k àti 10k, pín in sí ọ̀nà 5.7, ó di nǹkan bíi 2.5. Chip ADS1115 ń kà á, orí wáyà méjì kan náà ló wà, 48 ni nọ́ńbà tirẹ̀. Nítorí pé resistor kì í sábà rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára, a fi mítà wọn bátìrì náà, a sì tún ìṣirò inú ètò ṣe títí àwọn méjèèjì fi bára mu.

Aago 4:05 ìrọ̀lẹ́

Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ní kí a wò ó bóyá àwọn á rí i kà. Wọn kò rí i. Lẹ́tà rẹ̀ kò tó mìlímítà 5 ní gíga, tẹlifíṣọ̀n sì ń tàn bò ó. A gbé e lọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì inverter, níbi tí gbogbo èèyàn máa ń dúró sí tí iná bá lọ. Wáyà I2C kì í fẹ́ gùn jù. Èyí kò tó mítà kan, a sì dín eré ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kù. Ike áísìkirímù ni a gé fi ṣe ilé fún un.

Aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Systemd ló ń bójú tó ètò náà báyìí: bí server bá ti tan, ètò náà á bẹ̀rẹ̀, bí ètò náà bá sì kú, systemd yóò jí i. Àmọ́ ewu kan wà tí kò hàn síta. Síkírìnì yìí kì í gbàgbé. Bí ètò bá há, ọ̀rọ̀ tó kọ kẹ́yìn á ṣì wà lójú rẹ̀, á máa sọ pé iná wà nígbà tí gbogbo àdúgbò ti ṣókùnkùn. Síkírìnì tó ń purọ́ burú ju àìsí rẹ̀ lọ, nítorí ará ilé ti gbà á gbọ́.

A fi tótó kan sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kó máa ṣẹ́jú. Mo sọ fún Màmá pé tí tótó yẹn kò bá ṣẹ́jú mọ́, kí wọ́n má gba nǹkan kan gbọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá sì fi àṣẹ pa ẹ̀rọ, "A ti pa server" ló máa gbẹ̀yìn.

Aago 9:14 alẹ́

Iná lọ. Síkírìnì kọ ọ́: "Iná ti lọ láti 9:14". Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pe Màmá láti Èkó. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka bátìrì fún un bí ẹni ń ka ìròyìn.

Aago 11:05 alẹ́

Fíìmù kò tíì parí tí Màmá fi dìde lọ wo ògiri, wọ́n padà wá pa tẹlifíṣọ̀n. 11.9 ti yọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn, wọn kò sì bi mí. Àbúrò mi ń wo ìlà tó ṣófo nísàlẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa fi èsì bọ́ọ̀lù sí ìlà kẹrin. Ó kàn ṣófo níbẹ̀ ni."

Màmá ló dá a lóhùn: "Tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ, kí ni kí n pa?"