Ọmọ Tí A Kọ́, Ilé Tí A Kọ́

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí òwe yìí, kó rìn wọ Bódìjà n'Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀ ní 1958, Bódìjà sì wà lára ohun tí àjọ náà kọ́kọ́ ṣe: ilé tó ní àgbàlá, tó gba igi máńgòrò, tí òṣìṣẹ́ lè máa sanwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ṣọ́ọ̀bù àti òtẹ́ẹ̀lì. Lára ògiri àwọn mìíràn, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Lóòótọ́, gbájúẹ̀ wà nígboro. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú kò bá gbájúẹ̀ wí. Ọmọ bàbá rẹ̀ ló ń bá wí. A kọ́lé, a ò kọ́ ọmọ, ó wá ku ohun tí a ó máa kọ sára ògiri.

Ẹni tó dá òwe náà mọ ohun tó ń ṣe. Ohùn la fi ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀: kọ̀ kì í ṣe kọ, kọ kì í ṣe kọ́. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ilé àti kíkọ́ ọmọ, ohùn òkè kan náà ni. Etí kò lè yà wọ́n, àfi ká gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ méjèèjì náà sì jọra. Búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì, ojúmọ́ kan lẹ́yìn èkejì. Bí ìpìlẹ̀ bá wọ́, ara ògiri la ti ń rí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé ilé kì í kọ́ ilé, àmọ́ ọmọ tí a kọ́ lè kọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá wa fún kóòṣì: akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ tú u wò: ẹni tó ń kọ́ni títí a fi mọ̀ ọ́n gbá. Òun àti mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Orúkọ náà kò dá sí ife-ẹ̀yẹ, kò sì sọ ti ìṣẹ́gun. Ohun tó yí padà lára ọmọ nìkan ló ń wò.

Ọ̀kan nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ló mú mi kọ èyí. Họ́kì ló kọ́ wa, lórí pápá eléruku kan lápá Agbowó. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Nílé wa, bí mo bá na òsì gba nǹkan, àbàrá ni; a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé pápá, mo bi Kóòṣì bóyá ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì wà. Ó rẹ́rìn-ín. Òfin họ́kì kò gba irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ láyè. Ojú kan ló tẹ́ pẹrẹsẹ lára ọ̀pá, òun la fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn rẹ̀ yí roboto, bí a bá fi gbá a, fèrè á dún. Ó mú ọwọ́ òsì mi, ó gbé e sórí ọ̀pá lókè pátápátá, ó fi ọ̀tún sísàlẹ̀.

“Òsì yìí lọ̀gá,” ó ní. “Òun ló ń yí ọ̀pá. Ọ̀tún kàn ń bá a gbé e ni.”

Ó ní kí n tú ọ̀tún sílẹ̀, kí n fi òsì nìkan yí ọ̀pá síwá sẹ́yìn nígbà ọgọ́rùn-ún. Ó dúró tì mí, ó ń kà á. Ọwọ́ tí wọ́n ń lù nílé ló sọ di ọwọ́ iṣẹ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí tiwọn á máa rìn gbéregbère. Kóòṣì kò sí lára wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà máa ń tẹ̀ lé e wá, á jókòó sórí àpò ọ̀pá, á máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bó bá ti di aago mẹ́fà, bí eré tilẹ̀ dùn bí oyin, Kóòṣì á fọn fèrè. “Ó tó. Ìyá àwọn ọmọ ń retí wa.” Gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa kò ní kó fi ìṣẹ́jú kan lé e.

Ìbàdàn ti gba irú Kóòṣì mọ́ra rí. Teslim Balógun, tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ń sán bí àrá, wà lára ọmọ Nàìjíríà 18 tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba ní 1949. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi ẹsẹ̀ lásán ko òyìnbó oníbàtà. Ó tún padà lọ, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní sáà 1956 sí 1957. Kò jókòó ti òkìkí yẹn. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gbàwé ẹ̀rí, ó sì wálé wá kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìbàdàn níbí ló sùn sí ní 1972 tí kò jí mọ́, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré kan ní Súrùlérè, l'Ékòó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984 tí wọn kò parí títí di 2007. Ẹni tó bá ní ọmọ kíkọ́ ń pẹ́ jù, kó rántí ọdún 23 tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn.

Ìjọba tó kọ́ Bódìjà náà mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àjọ ilé kíkọ́ dé ní 1958. Pápá ìṣeré Liberty ní Òkè-Àdó, tó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ṣílẹ̀kùn ní 1960. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́.

Àmọ́ kí a má sọ òwe yìí di pàṣán tí a fi ń na ọ̀dọ́. Títà nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀: ọmọ gidi lè ta ilé láti fi tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni òwe náà kò sọ pé ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní ọmọ tí *a* kò kọ́. Ta ni kò kọ́ ọ? Àwa ni. Àgbà tó bá fi òwe yìí bá ọmọ wí, ara rẹ̀ ló ń rojọ́ mọ́.

Inú yàrá àyágbé ni Kóòṣì kú sí. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, àgbà kan láti ìdílé béèrè ilé mélòó ló fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ojú bàbá náà wá bọ́ sára àpò ọ̀pá nígun yàrá. Ó ní òun gbọ́ pé nǹkan wọ̀nyẹn ń wówó lọ́jà.

Ọmọbìnrin àgbà kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe títà.”

Ó rọra sọ ọ́ ni. Àwọn àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan tó ta kò ó.