Èémí, Ẹ̀mí àti Pùránà: Bí A Ṣe Lè Sọ Yógà ní Yorùbá

Jókòó sílẹ̀, ká ẹsẹ̀ méjèèjì jọ, kí ẹ̀yìn rẹ nà gbọnrangandan. Fi ọwọ́ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ mú. Mí sínú, kí o ti àyà síwájú. Mí síta, kí o tẹ ìbàdí sẹ́yìn. Máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, kí èémí àti ara jọ máa rìn. Tó bá tó àkókò, mí kanlẹ̀, sé èémí, fún ìdí pọ̀, lẹ́yìn náà kí o mí jáde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ìtọ́sọ́nà yìí tí yóò béèrè ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá wá ní kí wọ́n gbé ọkàn lé chakra ìdí, kí prana gba inú sushumna gòkè, kí kundalini lè jí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé Yorùbá tó gbogbo ohun tí ara ń ṣe nínú yógà í sọ láìyá ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn ohun tí àṣà Íńdíà gbà pé ó wà nínú ara, tí àṣà tiwa kò sọ nípa wọn, orúkọ wọn ni kí á yá, kí á má fi orúkọ ohun tiwa bò wọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ ni Kundalini Yoga, èyí tí Harbhajan Singh, tí ayé mọ̀ sí Yogi Bhajan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Los Angeles ní 1969. Mímí, ìgbòkègbodò ara àti àṣàrò lórí chakra ló so pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni Svatmarama kọ Hatha Yoga Pradipika. Ọdún 1577 ni Purnananda kọ ìwé rẹ̀ lórí chakra, Sat-cakra-nirupana. Ọdún 1919 ni John Woodroffe, adájọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Calcutta, tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wa ti pàdé wọn. Mo rọ ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ pé kó lọ bá Sáńsíkíríìtì fúnra rẹ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ sún mọ́ wa ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ wo bhastrika. Nínú mímí yìí, èémí ń wọlé, ó ń jáde, kíákíá, tagbáratagbára, ikùn ń lọ, ó ń bọ̀. Orúkọ náà, ohun èlò alágbẹ̀dẹ ni: ẹwìrì. Nítorí náà, mímí ẹwìrì ni kí á pè é, kò sì sí ohun tí a yá. Ọmọ ìgboro tí kò rí ẹwìrì rí á tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, èrè ni. Kumbhaka ńkọ́? Inú kumbha, tó túmọ̀ sí ìkòkò, ni wọ́n ti fà á yọ, nítorí pé èémí kún inú àyà. Mi ò ní kí á torí ìyẹn pè é ní èémí ìkòkò. Sísé èémí ti tó, ó sì yéni kíákíá. Ní ti asana, ìjókòó ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti kó ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ mọ́ra. Ipò ara ni mo fara mọ́: ipò ejò, ipò ràkúnmí, ipò ológbò.

Prana ló le. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni ẹ̀mí, ó sì ní ìdí: inú ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, mí, ni ẹ̀mí àti èémí ti jáde, bí prana náà ṣe jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí mímí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn èèyàn kan ní Ìbàdàn pé kí wọ́n darí ẹ̀mí sí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹ wá wò ó bóyá wọn kò ní dìde. Ẹ̀mí Mímọ́ ń gbé inú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀mí àìmọ́ ń gbé inú rẹ̀, ẹ̀mí ẹni tó ti kú pẹ̀lú. Èémí kò ru ẹrù yẹn, àmọ́ ó kéré jù. Àwọn ará Íńdíà ka prana márùn-ún: prana, apana, samana, udana àti vyana. Apana ló ń ti ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde, samana ló ń bójú tó dídà oúnjẹ. Kò sí èémí tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àwọn kan á fẹ́ fi àṣẹ pe prana. Mo mọ ìdí tó fi wuni, ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Àṣẹ, tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Brazil ń pè ní axé, ní ilé tirẹ̀. Ó wà lẹ́nu àgbà, ó wà nínú ewé, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹbọ, ọ̀dọ̀ Olódùmarè ló sì ti wá. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn méjèèjì, láìpẹ́ a ò ní mọ èwo là ń sọ, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ yógà á sì máa rò pé mímí kíákíá ló ń fúnni ní àṣẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èṣù yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bíbélì Yorùbá fi Èṣù pe ọ̀tá Ọlọ́run, ó sì tún yá Sátánì lò. Sátánì kò pa ẹnikẹ́ni lára nínú èdè wa. Ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run ti bàjẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé rẹ̀, títí di òní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣàlàyé pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Yíyá kì í ṣe ìtìjú. Inú Lárúbáwá ni àdúrà, àlàáfíà àti wákàtí ti wá. Àwọn onígírámà wa náà tó ṣẹ̀dá àránmúpè àti àfètèpè ló fọwọ́ sí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì. Pùránà ni mo fẹ́ ká kọ, kí á sì máa ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà ti kojú ọ̀rọ̀ yìí rí. Xuanzang, ẹlẹ́sìn Búdà tó kó ìwé Sáńsíkíríìtì ti Íńdíà wálé ní 645, ni wọ́n sọ pé ó ka irú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò yẹ ká túmọ̀. Lára wọn ni orúkọ ohun tí kò sí nílẹ̀ Ṣáínà, àti ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀. Dhyana, tí í ṣe àṣàrò, di chan lẹ́nu wọn, ó sì di zen ní Jàpáánù.

Ìtumọ̀ púpọ̀ yìí ló jẹ́ kí n fara mọ́ kíríyà. Ìpìlẹ̀ kriya ni ṣíṣe, ó sì rọrùn láti pè é ní ìṣe. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yógà àtijọ́ tí Patanjali kọ, kriya yoga jẹ́ ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹ̀kọ́ ìwé mímọ́ àti jíjọ̀wọ́ ara ẹni fún Olúwa. Nínú hatha yoga, ìwẹ̀nùmọ́ ara ni. Lọ́dọ̀ Yogananda, olùkọ́ yógà tó tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1946, ó jẹ́ ọ̀nà àṣàrò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ́wọ́ olùkọ́. Lọ́dọ̀ Yogi Bhajan, ó jẹ́ àtòpọ̀ mímí, ipò ara àti ohùn tó ní iye àkókò tirẹ̀. Ìṣe kò lè ru gbogbo wọn.

Chakra túmọ̀ sí kẹ̀kẹ́, irú èyí tó wà láàárín àsíá Íńdíà. Lẹ́nu wa lónìí, kẹ̀kẹ́ ti di ti Màrúwá àti ti ológeere. Oríta dára létí, torí pé ibi tí àwọn nadi, ọ̀nà tí pùránà ń gbà, ti pàdé ni chakra wà. Ṣùgbọ́n oríta ní ẹni tó ni ín, ibẹ̀ là ń gbé ẹbọ sí. Ẹ jẹ́ ká yá a. Bí ṣọ́ọ̀ṣì àti tíṣà ṣe gba ṣ, òun náà á gbà á. Láàárín k àti r, ó gbọ́dọ̀ ní fáwẹ̀lì. Ṣákárà dùn-ún pè, ṣùgbọ́n lẹ́nu ará Ìbàdàn tó ń sọ ṣ di s, ó ti di sákárà, ìlù àti orin tí Yusuf Olatunji fi gbayì. Ṣákírà ni mo mú. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára ni kó jẹ́ orúkọ rẹ̀: ti ìdí, ti abẹ́ ìdodo, ti ìdodo, ti oókan àyà, ti ọ̀fun, ti iwájú orí, ti àtàrí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò muladhara àti manipura.

Ohùn tí wọ́n ń pè lórí àwọn ṣákírà, lam, vam, ram, yam, kò ní ìtumọ̀ tí a lè gbé wá sílé. Ohùn náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Yorùbá kò ní v, ẹnu wa á pè é bó bá ṣe lè pè é, àmọ́ kí á kọ ọ́ bó ṣe wà. Bandha, tí í ṣe fífún ibì kan lára pọ̀, túmọ̀ sí ìdè, ṣùgbọ́n ìdè ni wọ́n ń já ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìfúnpọ̀ ló tọ́, ìfúnpọ̀ ìdí, ìfúnpọ̀ ikùn, ìfúnpọ̀ ọ̀fun.

Kùńdálínì ńkọ́? Àwọn èèyàn ń rí ejò níbẹ̀, Òṣùmàrè, òrìṣà ejò, á sì wá sí wọn lọ́kàn. Inú kundala, òrùka etí, ni orúkọ náà ti wá. Kíká ló ń sọ. Abo òrìṣà Íńdíà ni, Shakti, tó ká jọ ní ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ sí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí á kọ kùńdálínì, kí á sì ṣàlàyé rẹ̀ ní agbára tó ká jọ.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ni, ẹ̀yin tó ń kọ ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì ohùn sórí pùránà, ṣákírà, kíríyà àti kùńdálínì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a jọ máa kọ wọ́n bákan náà. Ẹ fi àṣẹ, oríta àti Òṣùmàrè sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n.