ÌDÍLÉ SPALDING ÀTI BILALI ẸRÚ WỌN: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ERÉKÙṢÙ SAPELO

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Kò sí ọmọ ilé-kéú kan tó kàwé dáadáa ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn tí kò mọ Risālah, ìwé tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tó kú ní ọdún 996, kọ lórí ìlànà Imam Mālik. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ẹrú kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ apá kan nínú ìwé yìí sílẹ̀ ní oko òwú ní Amẹ́ríkà? Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdílé tó ni ín.

Ọdún 1733 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ilẹ̀ Georgia dó. Ní ọdún 1735 wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ẹrú níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1736, John Mohr McIntosh ṣíwájú àwọn ará rẹ̀ láti òkè Scotland, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sì dá ìlú Darien sílẹ̀ lẹ́bàá odò Altamaha. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn fẹ́ ẹrú, ọkùnrin 18 ní Darien fi ọwọ́ sí ìwé kan ní oṣù kìíní ọdún 1739 pé àwọn kò fẹ́. McIntosh wà lára wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n bẹ̀rù gbèsè, wọ́n sì bẹ̀rù àwọn Sípéènì tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ ọ́ gbangba pé ohun burúkú ni kí ènìyàn wà lóko ẹrú títí ayé, àti pé ẹ̀san rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1751 òfin yí padà, ẹrú di ohun tí a lè rà ní Georgia. Lachlan, ọmọ McIntosh, gba ilẹ̀ létí odò Altamaha, ẹrú ló sì fi ń gbin ìrẹsì. Ní oṣù kìíní ọdún 1775, òun àti àwọn ará Darien tún kọ̀wé pé àwọn kórìíra oko ẹrú. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi ọwọ́ sí i, wọ́n sì padà sí oko wọn. Àwọn ẹrú wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

William, ọmọ McIntosh mìíràn, ló bí Margery, tó fẹ́ oníṣòwò kan, James Spalding. Àwọn ló bí Thomas Spalding ní ọdún 1774. Ní ọdún 1802 Thomas ra ilẹ̀ ní erékùṣù Sapelo, ó gbin òwú àti ìrèké, ó kọ́ ilé ìfúnrèké, ó sì wọ ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Kí ó tó kú ní ọdún 1851, ẹrú rẹ̀ ti ju 300 lọ. Ẹni tí bàbá bàbá ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé pé oko ẹrú kò dára ni o!

Láti erékùṣù Bahamas ni Spalding ti mú Bilali wá. Ọmọ Timbo ní Futa Jallon ni Bilali, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Guinea lónìí, ó sì ti kéwú kí wọ́n tó kó o lẹ́rú. Spalding fi í ṣe olórí àwọn ẹrú lóko. Nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ní ọdún 1813, ó kó ìbọn 80 lé e lọ́wọ́ kí ó fi ṣọ́ erékùṣù náà. Nígbà tí ìjì ńlá jà ní ọdún 1824, òun ló kó àwọn ènìyàn sá pamọ́ tí wọ́n fi yè.

Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ròyìn lẹ́yìn ọdún 1930 pé òun àti Phoebe aya rẹ̀ a máa kírun lórí ẹní, wọ́n a sì máa fa tẹ̀sùbáà. Lára àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Fatima, Medina àti Bintu, ọ̀kan tilẹ̀ ń jẹ́ Yaruba. Wọ́n rántí àkàrà pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi ìrẹsì ṣe: a ó rẹ ìrẹsì, a ó gún un lódó, a ó fi oyin tàbí ṣúgà sí i. Orúkọ àkàrà náà ni saraka. Ta ni nínú wa tí kò mọ sàráà?

Bilali fi ìwé olójú-ewé 13 sílẹ̀. Ní ọdún 1931 ìwé náà dé ilé ìkàwé ìjọba Georgia. Wọ́n rò pé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oko ni. Àfi ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Joseph Greenberg, gbé e wá sí Kano níbí ní ọdún 1939, tí àwọn màálámù wò ó, ni wọ́n mọ̀ pé Risālah ni: ọ̀rọ̀ àlùwàlá, ìrun pípè àti ìrun kíkí. Oko òwú Spalding ti túká lẹ́yìn tí ẹrú gba òmìnira ní ọdún 1865; ní ọdún 1912 àjèjì ló ra èyí tó pọ̀ jù ní erékùṣù náà. Ìmọ̀ ẹrú ló ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí a tíì patẹ́wọ́. Bilali fúnra rẹ̀ ló ń darí ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ lóko. Ní tiwa ńkọ́? Àwọn jagunjagun Ìbàdàn àti Ìlọrin fi ẹrú dáko rẹpẹtẹ láyé ogun, oko Ẹfúnṣetán Ìyálóde sì kún fún wọn. Mùsùlùmí wà nínú wọn, àlùfáà náà wà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí, wọ́n pè mí síbi yìgì kan, àwọn àgbà ilé fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní: “Àáfà, ọmọ ẹrú ilé wa ni ọkọ yẹn o.” Mo rán wọn létí Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ ìkẹtàlá, pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni iyì ènìyàn, kì í ṣe ìran. Wọ́n mi orí. A so yìgì náà, ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó kò jáde láti inú iyàrá.

Àwa náà ti gbọ́, a ti fi ọwọ́ sí i, bí àwọn ará Darien. Kí ni a padà sí nílé? Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti ń pe ọmọ mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ẹrú, kí ó tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ onítọ̀hún kí ó tó kírun Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ wa ṣe wá ní àǹfààní. Àmín.