Ìdí Ààrò ní Òkèhò

Bíríkìlà ni mí ní Òkèhò, ìyá onírú ló sì bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìlú wa ti ń bọ̀, kó wo ìdí ààrò.

Orí òkè, ní Ahoro Òkèhò, ni àwọn baba ńlá wa kóra jọ sí lásìkò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ọ̀tá má baà rí wọn kó. Níbẹ̀, òkúta mẹ́ta tó láti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Ti irú yàtọ̀. Ìgbá tí wọ́n fi ń ṣe é kì í tètè jinná, iná àṣemọ́jú ni. Bí ọyẹ́ bá sì ń fẹ́, ọwọ́ iná á máa fò síta, igi á jó dànù. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń po amọ̀ ògán, tí wọ́n fi ń mọ ògiri sí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n ń fi iwájú sílẹ̀ fún igi.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba amúnisìn nítorí kóòtù ìbílẹ̀ àti àṣẹ tuntun tí wọ́n gbé ka àwọn èèyàn lórí. Ọmọ ogun ìjọba fi ìbọn paná ọ̀tẹ̀ náà. Nígbà tó di 1917, ìjọba kó ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí a wà yìí. Ògiri ààrò kò ṣeé rù. Àwọn obìnrin ru ìkòkò, wọ́n sì tún ààrò mọ ní ilẹ̀ tuntun.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó wà ní Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní 1960. Díẹ̀díẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù gba ipò ògiri amọ̀, àfọ́kù rẹ̀ sì di ààrò ẹ̀yìnkùlé, nítorí kò sẹ́ni tó ń tà á. Bí àwọn ìyá ṣe mọ ọ́n náà ni mo ṣe ń tò ó: ẹ̀yìn kan, ẹ̀gbẹ́ méjì. Mo máa ń dojú ihò búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ kọ ìta kí atẹ́gùn lè wọlé, màá wá fi irin rọ́ọ̀dù dábùú òkè.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kò lè fara da iná. Ó ń là, ó ń rún. Èyí tí omi ti rin lè bẹ́ mọ́ni lójú. Amọ̀ ògán tí a bá rẹ́ mọ́ inú ààrò náà ló ń gbà á là, nítorí bí iná ṣe ń jó amọ̀ ló ń le sí i.

Lónìí tí wọ́n ń gé ẹmi àti àyìn sun èédú káàkiri Òkè-Ògùn, ààrò tí kì í fi igi ṣòfò ti kúrò ní ọ̀ràn obìnrin nìkan. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà, ẹ lọ kọ́ amọ̀ pípò lọ́wọ́ àwọn ìyá onírú nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.