Kí ẹ tó kun ilé fún Kérésì: práímà tí kò ní pa ọmọ yín lára

Tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ní Kabba, ẹ ó máa rí àkàbà lára ògiri káàkiri. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Àbújá àti Lọ́kọ́ja ń bọ̀ wá ṣọdún, onílé kò sì fẹ́ kí wọ́n wá bá ilé tó dọ̀tí. Ohun tí a máa ń bi akunlé ò ju méjì lọ: èló ni, ọjọ́ mélòó ni? Ìwọ̀nba èèyàn ló ń béèrè ohun tó wà nínú ike ọ̀dà náà, bẹ́ẹ̀ inú yàrá yẹn ni ọmọ ọwọ́ máa sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: imú yín lè sọ fún yín pé ọ̀dà kan ń rùn, kò lè sọ fún yín pé òjé wà nínú rẹ̀. Òjé kì í rùn.

Kí ni práímà?

Práímà ni ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń wọ ara ògiri kí ọ̀dà aláwọ̀ tó dé. Ó ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ògiri, kì í jẹ́ kí ògiri mu ọ̀dà lámujù, kì í sì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tuntun jó ọ̀dà. Sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí wa níbí, Ọbajana ò ju ìrìn díẹ̀ lọ, bulọ́ọ̀kù ni gbogbo èèyàn sì ń fi kọ́lé báyìí. Ẹ jẹ́ kí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ gbẹ fún bíi ọjọ́ 28 ó kéré tán, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lákòókò òjò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun kan bí iyọ̀ á máa yọ, ọ̀dà á sì máa bó.

Àwọn akunlé kan máa ń fi omi la ìmọ́ṣọ̀n, wọ́n á ní práímà nìyẹn. Lórí ògiri tó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ṣì le, ó lè gbà á. Lórí sìmẹ́ńtì tuntun, owó yín ló ń ṣòfò.

Nǹkan mẹ́ta tó ń ṣeni léṣe

1. Òjé. Inú gilọ́ọ̀sì olóróró ló pọ̀ sí jù, pàápàá àwọ̀ ìyeyè, pupa àti àwọ̀ ewé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́, kì í sì í ṣe é tún ṣe mọ́. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé ti pa ọmọ tó lé ní 400. Erùpẹ̀ òkúta wúrà ló fa ìyẹn, kì í ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé láti 1978. Níbí, ìlànà NAFDAC lórí ọ̀dà jáde ní 2021: òjé kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan.

2. Kẹ́míkà tó ń fẹ́ jáde. Òun ló ń mú kí orí máa fọ́ni, kí òòyì máa kọ́ni, tí ojú á sì máa tani. Tínà àti ọ̀dà olóróró ló ní in jù. Ní Yúróòpù, láti 2010, práímà olómi kò gbọdọ̀ ní ju gíráàmù 30 nínú lítà kan, ti olóróró lè tó 350. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe jìnnà síra.

3. Fọ́málìn. Àwọn kan tó ń po ọ̀dà nílé máa ń fi í sí i kó má baà tètè bàjẹ́. Láti 2004 ni ẹ̀ka WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti ka kẹ́míkà inú rẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Bí ẹ ṣe máa rà á

Fún ògiri inú ilé, práímà olómi ni kí ẹ rà. Tí omi lásán bá lè fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́, olómi ni. Tó bá jẹ́ kẹrosíìnì tàbí tínà ló ń fọ̀ ọ́, olóróró ni.

Ẹ ra èyí tí wọn kò tíì ṣí, tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ wá "low VOC" àti "lead free" lára rẹ̀. Ọ̀kan kì í ṣe èkejì: èyí tí kò rùn ṣì lè ní òjé.

Fún gééètì àti irin fèrèsé, àwọn wẹ́dà máa ń lo "red oxide". Ìpẹtà irin ló fún un ní àwọ̀ pupa. Tí ẹ bá rí "red lead" lára ike, òjé nìyẹn, ẹ dá a padà. Ìta ni kí wọ́n ti kun irin, kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Bí ẹ ṣe máa lò ó

Ọyẹ́ ni wàhálà wa. Eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, akunlé á ti fèrèsé pa, èéfín á sì há mọ́ inú yàrá. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é kété tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ tó le. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ fi aṣọ tútù nu ògiri, kí ẹ sì ṣí fèrèsé ìhà tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ wá.

Aláboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ olóróró, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbòmú tí a ń lò nígbà Kòrónà kì í dá èéfín kẹ́míkà dúró.

Ògiri àti ilẹ̀kùn tó ti pẹ́

Ibí yìí ni ewu pọ̀ sí jù. Ẹ má fi sándípépà ha gilọ́ọ̀sì àtijọ́ ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná jó o kúrò. Eruku yẹn ló ń gbé òjé dé ọwọ́ ọmọ, láti ọwọ́ dé ẹnu. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù nulẹ̀ dípò ìgbálẹ̀. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Tí ọ̀dà àtijọ́ náà bá ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ kúkú kun práímà lé e lórí.

Omi tí ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga. Ike tó ṣẹ́ kù náà ńkọ́? Pẹ́ńtì la fi ń wọn gàrí lọ́jà, a mọ̀, ṣùgbọ́n ike tí ọ̀dà ti wà nínú rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ gba gàrí, kò gbọdọ̀ gba omi mímu.

Ẹ kú ìmúra ọdún o.